Iná tó feérú bojú kò tíì kú: ọ̀rọ̀ iná igbó, ọyẹ́ àti ilé wa ní Èkìtì

ỌmọÌkọ̀lé

Èkìtì kete, mo kí gbogbo ilé. Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, màjàlà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí aṣọ tí a sá sí àgbàlá. Mo ní kí n tètè gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kí iná oko tó pọ̀.

Gbogbo wa la rí fídíò Los Angeles ní oṣù kìíní ọdún 2025, bí ẹ̀fúùfù ṣe gbé iná láti orí òkè wọ Pacific Palisades létí òkun, tí wọ́n ń lé èèyàn jáde nílé lọ́sàn-án gangan. Kí iná Palisades yìí àti iná Eaton, tó jó ní Altadena nítòsí ibẹ̀, tó kú, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó jó ti lé ní 16,000, àwọn tó kú sì tó nǹkan bí 30. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ ni ibi tí iná Palisades ti wá. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jáde sọ pé kì í ṣe iná tuntun. Iná kékeré kan ti jó lórí òkè yẹn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Àwọn panápaná pa á, wọ́n lọ. Ó wọ inú ilẹ̀, ó ń jẹ gbòǹgbò igi, kò sẹ́ni tó rí i. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ẹ̀fúùfù dé, ó sì jí.

Ẹ tún wo Lahaina, ìlú etí òkun ní erékùṣù Maui ní Hawaii, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2023. Wáyà iná mànàmáná tó já ló dá iná sílẹ̀ láàárọ̀. Panápaná pa á, wọ́n dúró tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n wá kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án. Kí aago mẹ́ta tó lù, ó ti tún ràn. Èèyàn 102 ló kú. Àwọn mìíràn bẹ́ sínú òkun kí iná má baà jó wọn.

Àwọn tó fi pípa iná ṣe iṣẹ́ ló pa iná méjèèjì yìí, tí wọ́n sì rò pé ó ti tán. Àwa tí a ń fi imọ̀ ọ̀pẹ lu iná, tí a ó sì kó àdá wa lọ sílé bí a kò bá ti rí ọwọ́ iná mọ́, kí la gbẹ́kẹ̀ lé? Ìbéèrè mi nìyẹn: kí là ń ṣe lẹ́yìn tí oko bá ti jó tán?

Alákòókó_Ẹmùré

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Apá kan nínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ti lọ. Ẹni tí oko wa jọ pààlà ló sun oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò ṣe é bí aláìbìkítà o, a jọ wà níbẹ̀, a jọ lu iná náà títí ilẹ̀ fi dúdú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lọ́sàn-án, ni wọ́n wá ké sí mi pé èéfín ń yọ lóko.

Kùkùté kan ló ṣe é. Kùkùté igi àràbà ńlá tó ti jẹrà nínú, ó wà láàárín oko rẹ̀. Lóde, eérú funfun lásán lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pọ́n bí irin tó wà lẹ́nu ewìrì. Bí atẹ́gùn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹyinná ń ta jáde láti ihò ara rẹ̀, ó ń bọ́ sórí ewé kòkó gbígbẹ ní ẹ̀gbẹ́ ààlà.

Ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ kòkó kò ní mọ bó ṣe máa ń rí. Igi kòkó kì í jó gbùrùgbùrù. Ewé tó wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló ń jó, iná á kàn máa rìn lọ jẹ́jẹ́, kò ní ga dé orúnkún. Ẹ ó rò pé kò ṣe igi ní nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀bẹ họ èèpo ìdí rẹ̀ wò: abẹ́ èèpo tó yẹ kó tutù ti pọ́n, ó ti gbẹ. Igi náà á wà lórí ìdúró, ewé rẹ̀ á máa wọ́ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kú. Ẹni tó bá tún un gbìn, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so.

Ará_Adó

Mo bá yín kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n Ẹmùré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́, ká má fi ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà já ara wa láyà. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé lọ́hùn-ún. Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́ tiwa, páànù la fi ń bò ó. Èkìtì kò sì fi ibì kankan kan òkun. Iná oko, oko ló ń jó.

Láti ayé àwọn bàbá wa ni àgbẹ̀ ti ń sun oko. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má sun ún mọ́, ta ni yóò san owó lébìrà tí yóò kó gbogbo ìràwé náà kúrò? Oògùn apakoríko ti gbówó lórí. Àgbẹ̀ tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ kò lè gbọ́ ìmọ̀ràn tí kò ní owó nínú.

ỌmọẸ̀fọ̀n_California

Ẹ̀gbọ́n Adó, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ òkun àti ọ̀rọ̀ pákó yẹn. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí, California ni mò ń gbé.

Òkun kọ́ ló ń mú iná wá. Ẹ̀fúùfù tí wọ́n ń pè ní Santa Ana, láti aṣálẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ gíga ló ti ń fẹ́ bọ̀ sí etí òkun. Bó ṣe ń já bọ́ láti orí òkè, ó ń gbóná sí i, ó ń gbẹ sí i. Imú á gbẹ, ètè á sán, ẹni tó bá ti gbé Èkìtì ní ìgbà ọyẹ́ á mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni iná ń gbà bọ̀, òkun ló wà níwájú, àwọn tó ń gbé láàárín kò sì ríbi yà sí. Bó ṣe rí ní Mati nílẹ̀ Gíríìsì nìyẹn ní oṣù keje ọdún 2018. Atẹ́gùn ti iná láti orí òkè lọ sí etí òkun, èèyàn 104 ló bá a lọ. Nínú wọn, àwọn kan kò jìnnà sí omi rárá nígbà tí iná bá wọn.

Ní Palisades, ọ̀nà ló kọ́kọ́ há. Ọkọ̀ tò gbọọrọ, iná ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ sá. Nígbà tó yá, katapílà ni wọ́n fi ti àwọn ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ panápaná tó rọ́nà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà mélòó ló wọ ìlú wa, báwo ló sì ṣe fẹ̀ tó níbi tó ti ń pọ́n òkè?

Ti pákó: òótọ́ ni pé pákó pọ̀ lára ilé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tó jó, ọwọ́ iná inú igbó kò dé ibẹ̀. Màjàlà tó ṣì ní iná nínú ni. Atẹ́gùn ń gbé e fò kọjá títì, ó ń wọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àjà, ó ń bọ́ sínú ewé gbígbẹ tó kún ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ilé. Inú ni ilé ti ń gbiná. Ẹ wá lọ wo ilé wa. Ibi tí páànù ti pàdé ògiri, ṣé ẹ dí i? Kí la fi ṣe igi àjà? Igi ìdáná tó jókòó ti ògiri ilé ìdáná ńkọ́, àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀? Búlọ́ọ̀kù á dúró, mo gbà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa lọ.

MàmáTísà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fún mi láàyè díẹ̀.

Ọyẹ́ ń ti Sàhárà wá láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì tàbí ìkẹta ló máa ń fa omi inú ewé àti koríko gbẹ. Ẹ kíyèsí àkókò tó ń jà jù lójúmọ́. Láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ tutù, atẹ́gùn dákẹ́. Bí oòrùn bá ti mú, atẹ́gùn á dìde. Ìdí nìyẹn tí kùkùté ẹ̀gbọ́n Ẹmùré fi sùn ní alẹ́, tó sùn ní àárọ̀, tó wá jí ní ọ̀sán. Ẹni tó bá lọ yẹ oko wò láàárọ̀ nìkan, tó sì rí i pé ó dákẹ́, kò tíì yẹ ẹ́ wò.

Òkè tún ń bẹ. Iná a máa sáré gun òkè ju bó ṣe ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ooru rẹ̀ ń lọ ṣáájú, ó ń yan ohun tó wà lókè kí iná fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa iná igbó máa ń ṣírò pé bí òkè bá fi dígírì 10 dagun sí i, eré iná lè di ìlọ́po méjì. Ẹ̀fọ̀n, Ìkẹ́rẹ́, Adó fúnra rẹ̀, àwọn ìlú olókè ni wá. Ẹni tó kọ́lé sí orí òkè tí igbó gbígbẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà iná ló kọ́lé sí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Lahaina ni koríko. Oko ìrèké ló yí ìlú náà ká tẹ́lẹ̀. Ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà níbẹ̀, Pioneer Mill, kógbá sílé. Ẹnikẹ́ni kò ro ilẹ̀ náà mọ́, koríko sì gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn koríko ọ̀hún ni Guinea grass, láti Áfíríkà ńbí ni wọ́n ti gbé e lọ. Ó wà létí ọ̀nà wa káàkiri, tó ga ju àgbàlagbà lọ. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ìlú wa báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko tí a ń ro ló yí ìlú ká. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó, lọ sí Àbújá, àwọn arúgbó kò lè ro ó mọ́, koríko sì ti dé ẹ̀yìn ilé. Oko ríro yẹn ló ń gba ìlú lọ́wọ́ iná, kò sì sí mọ́.

Ọdẹ_Ìsẹ̀

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo mọ̀ pé láìpẹ́ ẹnìkan á ní àwọn ọdẹ ló ń fà á, ẹ jẹ́ kí n tètè fèsì. Àwọn ọdẹ kan wà tí ń sun igbó kí ọ̀yà lè sá jáde. N kò gbè wọ́n. Ọ̀yà tí a rí pa lónìí, ọmọ rẹ̀ tó jóná sínú ihò pọ̀ ju òun lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a ó máa rìn kiri igbó òfìfo.

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹrù lé ọdẹ lórí. Mo ti bá iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oyin tí wọ́n fi ìtùfù kó. Mo ti bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ààtàn ẹ̀yìn ilé. Sìgá tí awakọ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ títì ń ṣe é. Àwa tí a ń rin igbó lóru la máa ń rí ohun tí ẹ̀yin kì í rí: òkùnkùn ń fi iná inú kùkùté hàn. Lọ́sàn-án, oòrùn bò ó mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó rí i tó ń pọ́n láàárín eérú. Bí ìlú bá fẹ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹni tó sun oko sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́

Oko lẹ ń sọ, èmi ń ro àwọn tó wà nínú ilé. Ní Lahaina, àwọn tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ní Los Angeles, iná Eaton tó jó Altadena, àṣẹ pé kí àwọn tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà kúrò kò dé títí aago mẹ́ta òru fi kọjá, iná sì ti wọ àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ṣòfò ẹ̀mí wà.

Ẹ ka agbo ilé yín. Ìyá arúgbó mélòó ló ń dá gbé, tí ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè? Orúnkún ń dùn ún, etí rẹ̀ ti wúwo. Ta ni yóò gbé e? Ẹ má sọ pé "ará ilé á gbé e". Orúkọ ta ni? Mo ti tọ́jú ìyá kan tí èéfín lásán wọ̀ lọ́fun, iná kò kàn án rárá, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ibùsùn kó tó mí dáadáa. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, aláboyún, arúgbó: kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé wọn lọ, nígbà tí èéfín ṣì jìnnà. Kí wọ́n mú oògùn wọn dání.

Ìkìlọ̀ ńkọ́? Maui ní fèrè ńlá ńlá tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ewu. Wọn kò fọn ún lọ́jọ́ náà. Aláṣẹ tó wà nídìí rẹ̀ ní ẹ̀rù ba òun pé àwọn èèyàn á rò pé omi òkun ló ń bọ̀, wọn á sì sá gun òkè lọ bá iná. A kò ní irú fèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ní gbohùngbohùn, ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo, ọba ní akéde. Bí a kò bá fẹnu kò ṣáájú lórí irú ìró tó túmọ̀ sí iná, wọ́n á lu agogo tán, a ó rò pé ìsìn ni.

Panápaná_Kan

Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, n kò ní dárúkọ ibùdó mi. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Los Angeles ni pé ọkọ̀ òfuurufú tó ń da omi kò lè fò nígbà tí ẹ̀fúùfù le jù. Omi ẹ̀rọ ìpaná gbẹ ní apá kan Palisades lóru nítorí ohun tí wọ́n ń fà pọ̀ ju ohun tó ń wọlé lọ, ibi ńlá kan tí wọ́n ń kó omi pamọ́ sí ní àdúgbò náà sì ti ṣófo fún àtúnṣe. Ìlú tó ní gbogbo nǹkan ni mò ń sọ yìí. Bí ilé kan bá ń jó, ọkọ̀ panápaná wúlò. Bí ọgbọ̀n ilé bá gbiná lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ tó.

Nítorí náà, ẹ pe 112 nígbà tí ó ṣì jẹ́ èéfín. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá lù ú tí kò kú. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ orúkọ abúlé, ilé-ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ọn, kí ẹnìkan sì jáde sí ojú títì láti dúró dè wá. Àkókò tí a ń fi wá ọ̀nà oko kiri ń dùn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní California, òfin ní kí àwọn tó ń gbé níbi tí iná ti lè ṣẹlẹ̀ ro àyíká ilé wọn dé nǹkan bí mítà 30. Ilẹ̀ Pọtogí ní mítà 50. Mo mọ̀ pé pílọ́ọ̀tì wa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri: kí ohun tó lè jó má ṣe wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí ògiri. Igi ìdáná, táyà àtijọ́, ewé ọ̀pẹ, kí gbogbo rẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ gbá orí páànù. Bí ó bá di pé kí ẹ kúrò, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ pa ẹnu sílíńdà gáàsì, ẹ sì lọ. Ẹnikẹ́ni má ṣe padà nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Ará_Adó

Mo ti kà gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ àjà àti ìyá arúgbó yẹn wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ìbéèrè mi nípa owó. Àgbẹ̀ á ṣì sun oko lọ́dún yìí. Báwo ni kó ṣe é?

Alákòókó_Ẹmùré

Èmi náà á sun oko lọ́dún yìí, àbúrò. N kò lówó lébìrà. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà yẹn ni kí n sọ.

Mo máa ń ro ààlà yíká oko, tí mo ó gbá a títí ilẹ̀ pupa fi hàn, tí ewé kan kò ní sí lórí rẹ̀. Mo ń kó ìràwé kúrò ní ìdí kùkùté gbogbo, kí iná má baà ráyè wọ inú wọn rárá. Àwọn tí a jọ pààlà gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì wá. Apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ la ti máa ń kọ́kọ́ ṣáná sí i, díẹ̀díẹ̀, kí iná lè máa jẹun lòdì sí atẹ́gùn, kó má sáré. Bí ewé orí igi bá ti ń mì lemọ́lemọ́, a kò ní ṣáná lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ pé gbogbo èèyàn ti pé.

Lẹ́yìn tó bá jó tán niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù tí a fi ń fín kòkó, ẹ fọ oògùn inú rẹ̀ dáadáa, ẹ pọn omi sí i, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi igi tú eérú, ẹ fín omi sí i, ẹ tún tú u, ẹ tún fín in. Omi tí a dà sórí lásán kì í dé ìsàlẹ̀. Ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú láì fi kàn án. Ara ẹ̀yìn ọwọ́ tètè ń mọ ooru. Ibi tó bá ṣì ń móoru, ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ padà lọ́jọ́ kejì ní ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí, kí ẹ sì máa padà lọ títí ọ̀sẹ̀ kan fi pé, pàápàá bí ọyẹ́ bá ń jà.

ỌmọẸ̀fọ̀n_California

Fífi ọwọ́ wá ooru yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn panápaná igbó ń ṣe níbí. Wọ́n ń kúnlẹ̀ ti etí ibi tó jó, wọ́n ń fọwọ́ wá a kiri.

MàmáTísà

Ẹ̀gbọ́n Ẹmùré, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ bẹ àwọn tísà tó bá ń kà á: pápá ilé-ìwé, ẹ má fi iná gbá a. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣán an kí koríko tó gbẹ.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́

Ní àdúgbò mi, a ti kọ orúkọ àwọn arúgbó sílẹ̀, orúkọ ẹni tí yóò gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkejì bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbí, màá sọ bí a ṣe tò ó.

ỌmọÌkọ̀lé

Èmi fẹ́, ẹ fi ṣọwọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣèpàdé ní ọjọ́ Àìkú, mo máa gbé ọ̀rọ̀ ìró agogo kalẹ̀ fún wọn. Ọdẹ Ìsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń mọ oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín?

Ọdẹ_Ìsẹ̀

Òórùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ fún wa o. Igbó tóbi, ẹsẹ̀ wa kò lè dé gbogbo ibẹ̀ lóru kan. Ẹ̀gbọ́n Ẹmùré, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sun tiyín?

Alákòókó_Ẹmùré

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, apá tó kọjú sí odò, bí atẹ́gùn bá dákẹ́. Kùkùté àràbà kan ṣì wà níbẹ̀ tí n kò rí hú. Ẹ bá mi ya ibẹ̀ bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn kọjá lóru.

Ọdẹ_Ìsẹ̀

Màá yà. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi tó sún mọ́ ọn.